Ẹ́ńjìnnì wo ló tọ́ sí ọkọ̀ pákó tí wọ́n fi ń pẹja ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. London ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń pẹja ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, àjẹ̀ àti ọ̀pá ló sì fi ń tukọ̀ títí di òní. Ọkọ̀ pákó ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24, wọ́n gé ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Mo ní kí ó wọn ìdí náà, ó ní ínǹṣì 16 ni láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ẹ́ńjìnnì máa jókòó sí. Àwọn mẹ́ta ló máa ń wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ gba ohun tó bá kéré sí họ́ọ̀sìpáwà 40 (òun ni wọ́n fi ń ka agbára ẹ́ńjìnnì). Níbí, mo rí four-stroke 20 kan tó jẹ́ àlòkù, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn (apá rẹ̀ tó ń wọnú omi ló gùn), owó rẹ̀ kò sì ga jù, mo lè fi í sínú ẹrù tí mò ń kó bọ̀ wálé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an tó jẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá wa létí omi, ẹ́ńjìnnì ti wà lórí ọkọ̀ kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí àwọn bi ẹnì kan léèrè. Nígbà yẹn, kò sí ohun tó kù ju ká máa tún un ṣe, ká tún máa tún un ṣe. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: ẹ má ra 40, ẹ má sì gbé four-stroke 20 ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn wálé. 15 ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tí wọ́n ń fi okùn fà kó tó dáhùn, tí ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ ń fi ọwọ́ darí, ni mo rí pé ó bá iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yín mu. Bóyá two-stroke (èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) ni kí ó jẹ́ tàbí four-stroke (èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà), ìyẹn kù sọ́wọ́ ìbéèrè kan tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló lè dáhùn rẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ fáìbà tó ń kó èrò láàárín Ìkòròdú àti Èkó, orí omi ni wọ́n ń sá lé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ké, ọkọ̀ á gòkè, díẹ̀ ni omi á sì fi kàn án. Ọkọ̀ pákó ẹ̀gbọ́n yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń la àárín omi kọjá. Bí ó ṣe ń lọ, ó ń ti omi síwájú, omi yẹn á gbéra di ìgbì kan níwájú, òmíràn á dìde lẹ́yìn rẹ̀. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àárín ìgbì méjèèjì ń jìnnà síra, títí ọ̀kan á fi wà lábẹ́ orí ọkọ̀ gẹ́lẹ́, tí ìkejì á wà lábẹ́ ìdí. Tó bá ti dé ibẹ̀, ọkọ̀ ti há sínú kòtò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Kí ó tó lè jáde, àfi kó gun ìgbì tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni ń gun òkè, epo tó ń jẹ láti gùn ún kò kéré. Fún ọkọ̀ tí omi kàn tó ẹsẹ̀ bàtà 22 ní gígùn, eré tí èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ kò ju kìlómítà 11 sí 12 ní wákàtí kan. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa lè fi díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn, owó ni wọ́n ń dà sómi.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ẹrù. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, tí pákó rẹ̀ ti mumi yó, lè tó 400 kílò. Ọkùnrin mẹ́ta, 200 sí 220. Àwọ̀n tútù, ìgèrè, ìdákọ̀ró, yìnyín, kẹ́ẹ̀gì epo àti ẹ́ńjìnnì, ẹ fi 200 mìíràn kún un. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá ṣe é, tí ọ̀bọ̀kún àti epìyà wọlé, ẹ fi 150 lé e. Gbogbo rẹ̀ kò tíì ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ọkọ̀ tó ń la omi bẹ́ẹ̀ kò nílò ju họ́ọ̀sìpáwà 3 sí 5 lórí tọ́ọ̀nù kan kí ó tó rin ìrìn tó yẹ ẹ́. Ẹ kò ṣì mí gbọ́ o, 3 sí 5. Ẹ́ńjìnnì 8 á gbé ọkọ̀ yìí lọ, á gbé e bọ̀. Mo ń sọ 15 nítorí afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ wá láti apá òkun lọ́sàn-án, tí ọ̀sà á máa ru gùdù nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ nílé. Nítorí ìṣàn omi lásìkò òjò. Àti nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí wọn kò tẹ̀ dópin lójoojúmọ́ máa ń pẹ́. 15 tí wọ́n ń lò ní ìwọ̀n ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ á bá ẹ̀gbọ́n yín dàgbà.

Mo mọ ìdí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń sọ 40, n kò sì ní fojú òpè wò wọ́n. Yamaha 40 tó ní ilé písítìnì méjì yẹn, kò sí etí omi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní kí ẹ tà á, ilẹ̀ kò ní ṣú kí ẹ tó rí ẹni rà á. Apá yòówù tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ máa rí i rà. Ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ayétòrò àti àwọn ìlú tó tò tẹ̀ lé e, òun gan-an ni ẹ́ńjìnnì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: àwọn yẹn ń gba àárín ìgbì etíkun jáde sí òkun, ọkọ̀ wọn gùn, àwọ̀n wọn wúwo, agbára tó pọ̀ ló ń yọ wọ́n kí ìgbì tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n là kọjá tó bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ní Ghana náà, 40 ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn apẹja òkun, ìjọba wọn sì ń bá wọn san lára owó epo tí wọ́n ti pò pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ọ̀sà ló wà, kò sì sí ẹni tó ń bá a san kọ́bọ̀ lórí epo.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì two-stroke oníkábúrétọ̀, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ń mu nǹkan bí ìdajì líta tàbí kó dín díẹ̀ lórí họ́ọ̀sìpáwà kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan. Èyí túmọ̀ sí pé 40 á mu bíi líta 18, 15 á mu bíi líta 7. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, líta epo kò tó ₦200 ní Èkó, àwọn èèyàn kì í sì í ronú púpọ̀ lórí ìyàtọ̀ yẹn. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, líta ti kan ₦1,000. Ká fi ₦1,000 ṣírò kó lè rọrùn: wákàtí kan lórí 40, ₦18,000, wákàtí kan lórí 15, ₦7,000. Ṣé 40 á wá sáré ju 15 lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀? Rárá o. Lórí ọkọ̀ yìí, tó ti ru ẹrù, orí ọkọ̀ á dìde, ìdí á rì, omi á máa wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì fi bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ẹni tó ń lo 15 délé. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ti wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo tún wà níbẹ̀. 15 two-stroke kò ju bíi kílò 36 lọ, èèyàn kan lè gbé e léjìká lọ sílé lálẹ́ kí olè má baà jí i. 40 sún mọ́ kílò 72. Pátákó ìdí ọkọ̀ tí wọn kò kàn fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìṣó á máa yọ díẹ̀díẹ̀, omi á máa gba ojú ìṣó wọlé. Àwọn kan á wá ní àwọn á ra 40 kí àwọn máa rọra lò ó. Two-stroke kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń fi gbogbo ọjọ́ rìn jẹ́jẹ́, ọ́ìlì inú epo rẹ̀ kò ní jóná tán, púlọ́ọ̀gì á dúdú, á tutù ṣìnkìn, èédú á gbé orí písítìnì àti ọ̀nà èéfín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá nílò agbára rẹ̀ lóòótọ́, á máa wúkọ́ bí alárùn ikọ́.

Ó kan two-stroke àti four-stroke. Nínú two-stroke, ọ́ìlì ń bá epo wọlé pọ̀ ni, kò sí ibòmíràn tó ti ń rí ọ́ìlì, ó sì ń ta agbára jáde ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, tí inú rẹ̀ kò sì ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgbà kan náà tí epo tuntun ń wọlé ni ẹnu ọ̀nà èéfín ṣí sílẹ̀, lára epo tuntun yẹn á sì bá èéfín jáde láìjóná. Nínú àwọn oníkábúrétọ̀, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Láàárọ̀ tí omi bá dákẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ two-stroke tó ń lọ, ẹ máa rí àwọ̀ òṣùmàrè tó tẹ́ lójú omi. Epo tí wọ́n fowó rà ni, inú omi kan náà tí edé àti ọmọ ẹja ń gbé ló sì ń rọ sí. Ohun tó mú kí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin lé irú ẹ́ńjìnnì yìí kúrò lọ́jà tuntun wọn nìyẹn. Ó ń dùn mí pé ọ̀sà tiwa ṣì ń mu ún.

Four-stroke 15 kì í mu ju bíi líta 5 lọ ní wákàtí kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ìyàtọ̀ náà sì tún ń pọ̀ sí i tí wọ́n bá ń rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń lo ẹ́ńjìnnì fún wákàtí méjì lóòjọ́, líta 4 lóòjọ́ ló máa jẹ́ èrè rẹ̀, ìyẹn ₦4,000. Bí ó bá jáde lógún ọjọ́ lóṣù, ₦80,000, láìtíì ka ọ́ìlì tí wọn kò ní máa pò mọ́ epo. Owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí n kò kàn sọ pé kí ẹ ra four-stroke? Ẹni tó máa tún un ṣe ni. Four-stroke ní fáàfù, ó ní páǹpù ọ́ìlì, ó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún wákàtí. Fún ẹni tó ń lò ó fún wákàtí méjì lóòjọ́, ìyẹn àádọ́ta ọjọ́ iṣẹ́ ni, kò tó oṣù mẹ́ta. Ihò inú kábúrétọ̀ rẹ̀ kéré débi pé epo tí omi ti wọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, á dí i pátápátá láàárín ọjọ́ méjì. Two-stroke 15 yàtọ̀: mẹkáníìkì etí omi á tú u, á fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, á tún un tò kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà fún ẹ̀gbọ́n yín nìyí: ṣé ó lè dárúkọ ẹnì kan, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí nítòsí, tó ti tú four-stroke rí, tó sì tò ó padà tó ṣiṣẹ́? Ṣé ẹni yẹn sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta fíítà àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Èkó? Bí ó bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ ra four-stroke 15, kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀. Bí ó bá ń ṣe àbí, bóyá, wọ́n ní ẹnì kan wà, ẹ ra two-stroke. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní mẹkáníìkì, àjẹ̀ ni wọ́n á padà máa fi tukọ̀, kílò 50 á sì wà nídìí ọkọ̀ láìṣiṣẹ́.

Ẹ padà sọ́dọ̀ èyí tí ẹ rí ní London. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wà fún ìdí ọkọ̀ tó ga ní ínǹṣì 15 sí 17. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà fún 20 sí 22. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè púrọ́pẹ́là, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ: ibi tó yẹ kí ó wà ni kí ó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kí ó fi ínǹṣì kan rẹlẹ̀ sí i. Bí ó bá wà lókè jù, púrọ́pẹ́là á máa gba afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, ọkọ̀ kò ní lọ. Lórí ìdí ọkọ̀ ínǹṣì 16, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á fi ínǹṣì márùn-ún jìn sí i ju bó ṣe yẹ lọ, á máa fa omi lẹ́yìn láìnídìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà wa kò jìn. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò tó mítà méjì, ẹrẹ̀ àti kùkùté sì wà nísàlẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn igi tí àwọn apẹja fúnra wọn rì sómi kí ẹja lè sá sí i. Ínǹṣì márùn-ún yẹn ló máa pinnu bóyá púrọ́pẹ́là á kọjá lórí kùkùté tàbí á gbá a. Àwọn kan á ní kí wọ́n fi pákó gbé ìdí ọkọ̀ ga. Ó ṣe é ṣe, àmọ́ bí ẹ bá ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì ga tó ni agbára tó fi ń yọ pátákó ìdí ọkọ̀ ń pọ̀ tó.

Bí ẹ bá rí four-stroke 15 ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ní London ńkọ́? Ìyẹn lè jẹ́ ọjà tó dára, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣeré lópin ọ̀sẹ̀ ló ni wọ́n, iṣẹ́ tó ti ṣe kò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lára irin ìdè rẹ̀. Bí wọ́n bá ti họ ọ́, tàbí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa lọ. Olè ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà yẹn náà ló máa sọ fún yín bóyá 15 ni lóòótọ́, nítorí pé 9.9, 15 àti 20 nínú four-stroke sábà máa ń jẹ́ ara kan náà, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ kò ní ju kó pààrọ̀ bébà ara ìdérí lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tú ìṣó ìsàlẹ̀ gíà rẹ̀ díẹ̀, kí ọ́ìlì kán sórí ìka yín. Ó yẹ kó mọ́ tàbí kó dúdú díẹ̀. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọnú gíà. Ibi tó sábà máa ń gbà wọlé ni ẹ̀yìn púrọ́pẹ́là: okùn ìwọ̀ tàbí fọ́nrán àwọ̀n á wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀, okùn yẹn á máa gé rọ́bà síìlì lọ títí omi á fi rí ọ̀nà. Kí ẹ̀gbọ́n yín mọ èyí dáadáa, nítorí inú àwọ̀n ló ń ṣiṣẹ́. Kí ó máa yọ púrọ́pẹ́là lóṣooṣù, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó fi ọ̀bẹ gé ohun tó bá wé mọ́ ọn, kí ó fi gírísì sí i kó tó dá a padà. Ẹ tún ní kí ẹni tó ń tà á fi aago wọn agbára ìfúnpá ilé písítìnì kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni ó jẹ́ kò jọ mí lójú tó bí méjèèjì ṣe sún mọ́ra; bí ọ̀kan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ yàtọ̀ sí ìkejì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, tó ń dán yanran, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ wo orí bóòtì inú: ibẹ̀ ni iyọ̀ òkun máa ń fara hàn sí. Ẹ má sì torí owó pọ́ọ́kú gbé orúkọ tí wọn kò ṣe mọ́. Evinrude tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti 2020 ni wọn kò ti ṣe tuntun mọ́. Ta ló máa bá ẹ̀gbọ́n yín wá apá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún márùn-ún sí i?

Four-stroke tún ní èèwọ̀ kan nínú kọ̀ǹtánà: kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó bá ṣáà ti wù wọ́n ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí, àmì ẹ̀gbẹ́ tó tọ́ wà lára ẹ́ńjìnnì tàbí nínú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò tọ́, ọ́ìlì á ṣàn lọ sórí písítìnì. Ẹ fa epo rẹ̀ gbẹ pátápátá, ẹ fa ọ́ìlì rẹ̀ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà gàdàgbà lára rẹ̀ pé kò sí ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà fà á kó dáhùn ní ọjọ́ tó bá gúnlẹ̀.

Ní ti two-stroke, Èkó ni kí ẹ ti rà á, ní tuntun, lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó dúró, tó máa fún yín ní ìwé àti rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ni kó lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ apẹja kì í fiyè sí, bẹ́ẹ̀ ó lè ba ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́: púrọ́pẹ́là. Nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀. Èkíní ni fífẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni iye ínǹṣì tí ì bá fi rìn síwájú tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó sábà máa ń bá ẹ́ńjìnnì wá, ọkọ̀ tó fúyẹ́ ni wọ́n fi lérò. Lórí ọkọ̀ tó ru tọ́ọ̀nù kan, á máa gbìyànjú láti gbé ìgbésẹ̀ tó gùn ju agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Two-stroke 15 tí wọ́n tẹ̀ dópin yẹ kó máa yí ní ìgbà 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹrù ti pọ̀ jù fún un, á gbóná, á jẹ epo, písítìnì á sì tètè lọ. Púrọ́pẹ́là tí nọ́ńbà kejì rẹ̀ jẹ́ 8 tàbí 9 dára fún ẹ̀gbọ́n yín ju 11 tàbí 12 lọ. Eré rẹ̀ lórí ọkọ̀ òfìfo á dín, àmọ́ kò sí ẹni tó ń fi ọkọ̀ òfìfo pẹja. Aago kékeré kan wà tí wọ́n ń wé wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì, á máa ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí fún un. Kò wọ́n rárá ní ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀.

Nítorí náà, àyè tí ẹ ti pèsè fún ẹ́ńjìnnì nínú ẹrù yín kò ní ṣòfò. Ẹ fi aago yẹn síbẹ̀, púrọ́pẹ́là oní-8 tàbí oní-9 méjì tó bá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rà mu, fíítà tó ń ya omi kúrò lára epo, rọ́bà páǹpù omi mẹ́ta, àti ọ́ìlì two-stroke tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára. Ọ́ìlì ọ̀kadà kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ohun yòówù kí àwọn tó ń tà á wí. Ní pàtàkì jù lọ, ẹ fi ẹ̀wù ìléfòó mẹ́ta tó dára síbẹ̀, kí ẹ sì fi okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì kún un, méjì. Okùn yẹn ni kí ẹni tó ń darí so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá já sómi lójijì, okùn á yọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Bí kò bá so ó, ọkọ̀ á máa yí po lórí omi láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀, púrọ́pẹ́là á sì máa padà bọ̀ wá bá ẹni tó wà nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ èyí lórí fóònù kí ẹ sì jẹ́ kó ṣèlérí.

Omi kan wà tó máa ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bí ó bá ti dáhùn. Òun ló ń fi hàn pé omi tó ń mú un tutù ń rìn. Ewé orí omi tó gba ọ̀nà omi Badagry wọ orílẹ̀-èdè wa ní 1984, tó máa ń bo ọ̀sà mọ́lẹ̀ títí iyọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ á fi pa á, òun ló sábà máa ń dí ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi. Ìgbàkígbà tó bá ti la àárín ewé kọjá, kí ó bojú wẹ̀yìn. Bí omi yẹn bá ti ń kán tó-tó-tó tàbí tó dáwọ́ dúró, kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ó fi ọwọ́ yọ ewé náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí omi ti tó fún un láti nọ́kì. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ tí iyọ̀ bá wọ omi, kí ó máa fi omi kànga fọ inú rẹ̀ tó bá délé: kí ó gbé e sínú dúróòmù tó kún, kí ó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ two-stroke tuntun, wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni kí ó fi sùúrù gbà. Líta ọ́ìlì kan sí líta epo 25 ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ da ọ́ìlì sí kẹ́ẹ̀gì, kí ó da epo lé e, kí ó sì mì ín dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ó rọra máa lọ bó ṣe lè rọra tó. Kí wákàtí kan tó pé, kí ó má kọjá ìdajì agbára rẹ̀. Ní wákàtí kejì, ó lè dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láti ìgbà náà títí wákàtí mẹ́wàá á fi pé, ó lè tẹ̀ ẹ́ dópin, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, líta ọ́ìlì kan sí líta epo 50 ni, àyàfi tí ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá bá sọ iye mìíràn. Iye tí ìwé bá sọ ni kí ó tẹ̀ lé, kí ó má gba ti ẹni tó bá ní òun máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀.